Ọmọbìnrin Inú Fíìmù Faransé

“Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ o. Ó dìgbà tó bá dé Ìbàdàn kó tó mọ̀ pé òun ò padà mọ́.”

Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kìlọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ó fẹ́ rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé, ọmọ náà sì máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú apartment tí a háyà ní Fondren Southwest, lókè òkun níbí, èmi àti ọmọbìnrin mi wo fíìmù Faransé kan. Tíṣà rẹ̀ ló yá a ní kásẹ́ẹ̀tì náà. Inú ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà ní kíláàsì ni wọ́n ti mú ìtàn fíìmù náà. Dúdú àti funfun ni, òjò sì ń rọ̀ nínú rẹ̀ ṣáá. N kì í jẹ́ kó dá wo fíìmù.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ yára ju ojú mi lọ, nítorí náà ó ń sọ ọ́ fún mi. Bàbá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àwọn ń lọ kí àǹtí rẹ̀. Ọmọ wọ aṣọ tó dára jù tó ní. Ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ni bàbá gbé e lọ, wọ́n sì ti géètì mọ́ ọn.

“Ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dẹ̀. Èmi ì bá ti mọ̀.”

“Báwo lo ṣe máa mọ̀?”

“Bàbá yẹn ò jágbe mọ́ ọn látàárọ̀. Tí Dádì bá ṣe mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù á bà mí.”

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àlọ nìkan fún un, a sì ti sọ fún un pé ó fẹ́ lọ ṣe Kérésì lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ní bí ọmọ bá mọ̀, á sọ fún tíṣà, ìjọba á sì dá sí i.

Mo pa fídíò, mo sì sọ òótọ́ fún un.

Ó bi mí pé, “Bàtà tuntun tí Dádì rà fún mi ńkọ́?”

“Ara ètò náà ni.”

Ó ní kí n tan fíìmù náà padà, òun fẹ́ mọ bó ṣe parí. A wò ó tán. Kò sọ ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fún mi mọ́.

Ó lọ. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní, “Dádì, mo mọ̀ pé mi ò ní padà mọ́. Ó dàbọ̀, sà.” Ọkọ mi yíjú wò mí, ó mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún un. Títí di òní, bí bàbá rẹ̀ bá sọ nǹkan fún un lórí fóònù, á ní kí wọ́n fún òun ní Mọ́mì, á wá bi mí bóyá òótọ́ ni.

Ẹ̀yin òbí, mi ò ní kí ẹ má rán ọmọ yín lọ sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.