Bàbá Inísà àti Ìwé Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀ Ojú Omi

Láti ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí a ń fi orúkọ ìlú wọn tó jìnnà sí òkun pè ní Bàbá Inísà, ti máa ń ka ìwé. "Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi òótọ́ pamọ́ sí," ni wọ́n máa ń wí. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí àbúrò mi ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ l'Ékòó, tó fẹ́ fi gba ojú òkun lọ sí Gánà, ó mú aṣojú iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan wá bá Bàbá Inísà. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn ìwé tí aṣojú náà mú wá. Aṣojú náà rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kí ni ará Inísà mọ̀ nípa òkun?"

Ara mi gbóná. Bàbá Inísà kàn na ìwé sí i pé, "Bá mi ka ìlà yìí sókè."

Ó kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀: tí ọkọ̀ bá ti kúrò lójú ọ̀sà bọ́ sójú òkun, iléeṣẹ́ kò ní dá sí i mọ́.

"Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?" ni àbúrò mi bi í.

"Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń fọwọ́ sí i."

Ó mọ̀! Ó mọ̀ pé ìyàwó àti ọmọ àbúrò mi máa wà nínú ọkọ̀ náà, ó sì fẹ́ ta bébà lásán fún wọn. Inú ṣì ń bí mi dòní.

Ìwé iléeṣẹ́ mìíràn ni Bàbá Inísà fọwọ́ sọ̀yà fún àbúrò mi pé ó dára. Nígbà tí ìjì dá òpó ìgbòkun ọkọ̀ náà lójú òkun, iléeṣẹ́ yẹn ló rán ọkọ̀ tó fà wọ́n wọ èbúté. Nígbà tí mo pe Bàbá Inísà láti ròyìn fún wọn, wọn ò mẹ́nu ba ìwé rárá.

"Ọmọ náà ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé ó ti jẹun?"