Wáyà Tí Dàda Yàn fún Lateefah

Ní òpópónà wọn ní Mushin, kò sẹ́ni tí kò mọ Dàda oníná. Láti ọjọ́ tó ti gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, òfin kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé: wáyà tó nípọn ló ń gbé ẹrù, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní í jó ilé onílé. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ti iná. Ṣùgbọ́n wáyà iná àti wáyà àwòrán kì í ṣe ọmọ ìyá, ohun tí Dàda kò sì fẹ́ gbà nìyẹn.

Lateefah ló pè é. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì níwájú ilé bàbá rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá náà, Àlàájì Ọlánípẹ̀kun, dùbúlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè ké. Bí itọ́ bá há a lọ́fun, àfi kí ẹnìkan sáré gbé e jókòó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikú ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ máa rí wọn láti ìdí maṣíìnì mi," ni Lateefah wí. "Kámẹ́rà yàrá wọn tí à ń wò lórí fóònù yẹn, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, ó parí. Ẹ bá mi fa wáyà rẹ̀ wá sí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ṣé èmi lo ń bẹ̀ nítorí wáyà? Lọ jókòó ti iṣẹ́ rẹ."

Dàda wọn ọ̀nà náà. Láti ìdí àpótí kámẹ́rà ní yàrá ẹ̀yìn, kí ó gba inú àjà, kí ó tó já sí tẹlifíṣọ̀n inú ṣọ́ọ̀bù, mítà márùndínlọ́gbọ̀n ni. Ó kọrí sí Ojú Ẹlẹ́gbà, sọ́dọ̀ Edith tó ń ta wáyà. Edith gbé ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ jáde.

"Ọ̀gá, bí ó bá ti jìnnà tó báyìí, kọ́pà kì í gbé àwòrán dáadáa mọ́. Dígí ló wà nínú eléyìí, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé àwòrán gba inú rẹ̀. Ẹ ṣáà wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹnu kan wà fún tẹlifíṣọ̀n, èkejì fún àpótí. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e yí padà."

Dàda gbé wáyà náà sókè bí ẹni mú alángbá nírù. "Edith, òwú ìránṣọ lo fẹ́ tà fún mi yìí? Aránṣọ ni mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́, òun náà ní òwú nílé."

Edith bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin bàbá oníná yìí! Ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ra iṣu. Ó dáa o. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ẹ má wá bá mi jà."

Dàda mú èyí tó nípọn, ti kọ́pà. Nígbà tó fà á tán, àwòrán Àlàájì hàn kedere, Lateefah sì pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí ojú tẹlifíṣọ̀n fi ṣókùnkùn, tó tún padà mọ́lẹ̀. Dàda yọ wáyà, ó tún tì í padà sí àyè rẹ̀.

"Iná ni kò dúró dáadáa," ló wí. "Bí ó bá ti ṣókùnkùn, ní sùúrù, á padà wá."

Ọ̀rọ̀ Edith ń gún un lọ́kàn bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ọ̀gá láti padà lọ ra òwú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí tẹlifíṣọ̀n bá ti ṣú, Lateefah á fò dìde, á sáré lọ sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà ló ń bá bàbá rẹ̀ tó ń mí jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ó kọ́ sùúrù tí wọ́n ní kó ní. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oníbàárà kan jókòó tì í, ó ń retí ẹ̀wù rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ṣú. Lateefah rán apá ẹ̀wù náà tán kó tó gbójú sókè. Nígbà tí àwòrán padà dé, ẹnu Àlàájì là sílẹ̀, àyà rẹ̀ kò sì mì mọ́.

Ọjọ́ àdúrà ni Dàda tó lè wá kí wọn. Ó bá Lateefah lẹ́yìnkùlé, òun nìkan ló ń fọ ife, gbogbo ẹbí wà ní pálọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mo jókòó ti maṣíìnì títí bàbá mi fi kú," ló wí. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní kí n ní sùúrù?"

"Èmi ni. Kì í sì í ṣe iná. Wáyà tí mo rà ni kò dára. Wọ́n kìlọ̀ fún mi."

Lateefah gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ wọlé lọ sọ ọ́ níwájú wọn."

Dàda wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Àǹtí Àmínát, àbúrò olóògbé, gbọ́ ọ dópin.

"Oníná, o ṣeun tí o sọ òótọ́. Ọlọ́hun á forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé wáyà ni ẹ̀gbọ́n mi bí ni?"

Dàda ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ nígbà tí Lateefah gbé omi wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé ife kan fún àǹtí rẹ̀. Àǹtí náà kò nawọ́ gbà á.