Ẹni Tó Máa Ń Kọ́kọ́ Dé

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 2006 ni mo dá búlọ́ọ̀gì mi sílẹ̀, ní káfẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì kan lẹ́bàá Ikorodu Garage. Nígbà náà, àwa oníbúlọ́ọ̀gì máa ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ fèsì sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Lọ́dọ̀ mi, obìnrin kan tó ní Ẹ̀pẹ́ lòun ń gbé ló máa ń borí: “Mo ti dé o! Kí ẹ̀yin ìgbín máa bọ̀ lẹ́yìn.” N kò rí i rí, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ́ sí búlọ́ọ̀gì tirẹ̀ pé kíndìnrín òun ti daṣẹ́ sílẹ̀, kí a bá òun gbàdúrà. Ẹnìkan ti fi irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tàn wá jẹ rí. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀rí dà?”

Láti ọjọ́ náà, kò kọ nǹkan kan mọ́, lọ́dọ̀ tirẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ mi. N kò lè sọ pé ó kú, n kò sì lè sọ pé ó yè. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì kọ nǹkan kan lẹ́yìn tèmi.