Kọ́kọ́rọ́ Ọgbà Ìgbafẹ́

Dókítà ló ní kí ìyá mi máa rìn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jókòó ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12, ẹ̀jẹ̀ ríru wá ń bá wọn fínra, ẹsẹ̀ wọn sì ń wú. Dókítà ní, "Mummy, tẹ́ ò bá rìn, ẹ máa dùbúlẹ̀ ni o." Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Àfi bí ẹni pé káńsù gbọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọgbà ìgbafẹ́ kan sí àdúgbò wa ní Ìkòsí: koríko tútù, ọ̀nà ìrìn, àga gígùn mẹ́rin lábẹ́ ibòji. Ká wọlé nìkan ló kù. Àgádágodo ẹnu géètì ibẹ̀ tó orí ewúrẹ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní ọ́fíìsì káńsù.

Ìyá mi kì í wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní ó ń mi àwọn jìgìjìgì. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ọ́fíìsì náà. Akọ̀wé, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, kúnlẹ̀ kí wọn.

"Mummy, ẹ má bínú. Ọ̀gá tí key wà lọ́wọ́ wọn lọ sí training."

"Training kí ni?"

"Báwọn aráàlú ṣe lè máa gbádùn park, ma."

"Ẹ ò ṣe kúkú ṣí i sílẹ̀?"

"Ha, ma! Kó tó di ọ̀túnla, apẹ̀rẹ̀ tòmátì á ti kún ibẹ̀."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín: wọ́n mọ̀ pé àwọn gan-an lè gbé tiwọn wá.

"Ẹ padà wá lọ́la, ma."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà láti fi gba kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn lẹ́tà, fọ́tò. Lẹ́yìn fọ́tò, wọ́n ní fọ́tò náà ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ là ń lọ tá à ń bọ̀. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá," ni ìyá mi máa ń wí. Ìbínú ló ń tì wọ́n lẹ́yìn, èmi ọmọ wọn ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Lóṣù kẹta, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó tún un wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wálẹ̀, ẹsẹ̀ ò wú mọ́.

"Mummy, park tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ máa lọ yẹn mà ń ṣiṣẹ́ o!" ni dókítà wí.

"A ò tíì wọ ibẹ̀ rí," ìyá mi dáhùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé pè mí lórí fóònù: kọ́kọ́rọ́ ti jáde, kí Mummy wá gbà á. Mo rántí àwọn àga gígùn yẹn lábẹ́ ibòji, mo sì mọ ìyá mi: tí wọ́n bá ti jókòó síbẹ̀, ìrìn parí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń múra àtilọ bíi ti ojoojúmọ́, mo sáré ṣáájú wọn dé ọ́fíìsì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Aunty, ẹ dákun, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀gá ò tíì dé."

Bí ìyá mi ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, akọ̀wé rọra ju kọ́kọ́rọ́ sínú dúróà.

"Mummy, ẹ má bínú. Ẹ padà wá lọ́la."

Ìyá mi pòṣé, wọ́n yí padà, wọ́n sì gbọ̀nà ilé. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mi ò bá wọn.