Dírááfù Tí Mo Gé Lórí

Àwọn àgbà orí fóònù yẹn ní òfin ju ti ilé-kéú lọ. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta dírááfù ni, lórí Wasáàpù, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì wá láti ìlú oríṣiríṣi. Bí ẹni tuntun bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn, á kọ́kọ́ kí wọn, á sọ ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á kọ bí eré ṣe lọ, láti orí ọmọ dírááfù àkọ́kọ́ tí wọ́n sún títí dé òpin, tirẹ̀ àti ti ẹni tó bá a ta, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú pákó kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó borí kí àwọn àgbà tó dá sí i. Bí wọ́n bá bú u tán, á ní ẹ ṣeun.

Èmi kò kí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí mo wọlé. Mo fi àwòrán pákó ránṣẹ́, mo ní kí ni kí n ta. Alága ẹgbẹ́, bàbá kan tí n kò fojú rí títí di òní, bi mí pé ìlú wo ni wọn ò ti kọ́ ọmọ ní "ẹ kú ilé". Ojú tì mí, inú sì bí mi. Olùkọ́ ni mí ní Ìlá. Èmi ni mo máa ń bi ọmọ ọlọ́mọ nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí fóònù, mo kí wọn, wọ́n sì gbà mí.

Bàbá mi ni mò ń bá ta. Télọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí ọjà, bí wọ́n bá sì ti kírun alásárì tán la máa ń gbé pákó sórí àpótí. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń nà mí, wọn kì í ṣàánú rárá. Ìdí tí mo fi wọ ẹgbẹ́ kò ju pé mo fẹ́ nà wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré kí èmi náà tó darúgbó.

Kò pẹ́ tí mo wọlé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n. Mo ní ẹ̀kọ́ tí mo gbà ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ká sọ òótọ́, mo mọ̀ pé ohun kan kò lọ déédéé. Bàbá mi á fi ọmọ sílẹ̀ létí pákó láìṣọ́, màá sì jẹ ẹ́. Bí mo bá gbàgbé tèmi síbẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Mo ní àgbà ló dé, ọkàn wọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń fi gíláàsì wọn ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ta ni yóò wá ro ti ojú? Wọ́n fi apá gbá ife tíì dànù sórí aṣọ oníbàárà, mo bínú sí wọn. Ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní wọn kì í dá òun lóhùn mọ́ bí òun bá juwọ́ sí wọn. Mo ní kó má bínú, bàbá ti di ẹni ńlá. A jọ fi ṣe ẹ̀rín.

Bí mo bá wá ń kọ eré wa ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, mo máa ń gé e lórí. Ibi tí bàbá mi ti fi ọmọ ṣòfò, n kò ní kọ ọ́. Àárín ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọgbọ́n tèmi ti hàn. Ìgbéraga wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ṣé kí n wá mú bàbá tó bí mi lọ síwájú wọn kí wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín? Wọ́n kọ́ mi nílé pé ọmọ kì í tú àṣírí òbí rẹ̀ síta. Mo bo bàbá mi láṣìírí.

Alága kò gbà. Ó ń béèrè ṣáá pé ọmọ mẹ́ta ti kúrò lórí pákó kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ibo ni wọ́n gbà lọ? Mo ní mo ti gbàgbé. Láti ìgbà iṣu tuntun títí ọyẹ́ fi dé tó tún lọ, ṣe ni mò ń gbàgbé. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ síta lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, pé bí n kò bá kọ odindi, òun á yọ mí. Inú bí mi. Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ eré wa sí, mo da eré mẹ́fà sílẹ̀ fún un láìgé ohunkóhun, kó jẹ, kó yó.

Kò fèsì lójú ẹgbẹ́. Èmi nìkan ló kọ̀wé sí. Ó ní, "Ẹni tí ẹ ń bá ta yìí, ọ̀ta gidi ni, kì í ṣe òpè. Láàárín pákó, kò sí ohun tó pamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, etí pákó ni wọ́n wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

A wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì kù níwọ̀n bọ́tìnnì, ní àárín gbùngbùn. Dókítà ṣàlàyé pé omi inú ojú ló ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran, kì í dunni, láti etí ibi tí ojú ń rí dé ló sì ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Oògùn lè dá èyí tó kù dúró, èyí tó lọ ti lọ. Mo béèrè pé ká ní a tètè wá ńkọ́. Ó ní ká ní ọdún tó kọjá ni, à bá bá púpọ̀ níbẹ̀. Ìwé dírááfù wà nínú báàgì mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ti ọdún tó kọjá wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ìbànújẹ́ tó dé bá mi lórí àga yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, ti ẹgbẹ́, ti ìwé, bí mo ṣe ń gé e. A ti kọjá Ìkìrun kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní láti yí orí pátápátá kí wọ́n tó lè rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Gbogbo ìgbà tí o nà mí yẹn," wọ́n ní, "ojú mi ni?"

Ó wù mí kí n purọ́. Mo ní, "Ojú yín ni, Bàbá."

Wọ́n ní Alihamudulilai. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ròyìn mi ní mọ́sáláṣí, fún lèmọ́mù, fún àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ wọn, pé ọmọbìnrin àwọn ti mọ̀ ọ́n ta ju àwọn lọ. Wọn kò bá mi wí rárá. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Inú mi dùn," wọ́n ní, "débi pé n kò bi ara mi léèrè ohun tó ń ṣe mí."