Ọwọ́ Ta Ló Wà Nínú Ìwé Orin Bàbá?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Àgbà, ló ránṣẹ́ pè mí sí ilé wọn ní Dowa. Ìsìn ìrántí bàbá wọn, tí í ṣe bàbá àgbà mi, ku ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì fẹ́ kí n kọ ìtàn ayé bàbá tí a ó kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ ni bàbá. Kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n léwe mọ́ láyé. Ìwé orin kan ló kù, tí kòkòrò ti jẹ létí, tí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sì kún ẹ̀gbẹ́ ojú ewé rẹ̀.

“Ọwọ́ bàbá mi nìyẹn,” ni Màmá Àgbà wí. “Ìwọ ṣáà dà á kọ.”

Èmi tí mo ti ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà, ìwé kì í tètè yá mi lára. Ẹnu ṣeé bi léèrè. Ìwé kì í dáhùn. Síbẹ̀ mo ṣí kàyé ìkọ̀wé mi, mo sì ń dà á kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin ìkórè: “Òjò lé wa wọlé.” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin ìsìnkú: “Èyí ni wọ́n kọ sin ọmọ wa kejì. Ohùn mi há.” Ó pẹ́ kí n tó ṣí ewé yẹn kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo kan: “Adúmáadán gbéyàwó lónìí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ sí Sèmè, kò tíì dé.”

“Ta ni Adúmáadán?”

“Àbúrò bàbá mi ni. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló tẹ̀lé e. Bí ìyá mi ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Ṣé ìyàwó a máa pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ ni?”

Mo gbé bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé sílẹ̀. “Ìyàwó kì í pè é. Ṣùgbọ́n bàbá tó bá wọn mu ọmú kan náà ńkọ́? Orúkọ tí ìyàwó rẹ̀ sọ wọ́n ni yóò máa kọ?”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ìyá mi ò mọ̀wé. Èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún wọn!”

Màmá Àgbà gba ìwé orin náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń ṣí i lọ sẹ́yìn. Wọ́n kà á sókè, díẹ̀díẹ̀: “Ó pé ọdún kan lónìí tí olówó orí mi lọ. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo dìde, mo kọrin.”

 Lójijì ni Màmá Àgbà pàtẹ́wọ́. “Yéè! Gbogbo ibi tí mo fò nínú lẹ́tà, tí mo ní ìkíni lásán ló wà níbẹ̀, ìyá mi ti kà á tán kí n tó dé!”

“Ẹ̀yin náà lẹ lọ ń kàwé fún akọ̀wé.”

“Ẹ̀tẹ́ bá mi!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo fi kàyé hàn wọ́n: ewé méjì, orúkọ bàbá lórí, ọ̀rọ̀ ìyàwó nísàlẹ̀. “Kí la ó wá kà lọ́jọ́ Ìsinmi?”

“Ti ìyá mi ni kí o kọ.”

“Wọ́n á ní ìrántí bàbá la pè wọ́n sí.”

“Kí wọ́n wí. Bí bàbá bá ní nǹkan láti sọ, ṣé wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ ni?”

Mo fa ìlà pa orúkọ bàbá rẹ́. Mo béèrè ẹni tó kọ́ ìyá wọn ní ìwé, àti ìdí tí wọ́n fi fi í pa mọ́ fún ọmọ wọn.  Màmá Àgbà fa àga wọn mọ́ mi, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ojú ewé àkọ́kọ́.