Ìyípo Ẹnu Apẹ̀rẹ̀

Ogún ọdún ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlárá Rẹ́mọ, n kò sì mọ ibi tí fọ́múlà ti ń wá. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Ojú pátákó ni wọ́n ti fún mi ní tèmi, mo gbà á bẹ́ẹ̀, èmi náà wá ń pín in fún ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kọ ọ́ pé bí a bá fẹ́ mọ ìyípo ohun róbótó, ká fi páì sọ ìbú rẹ̀ di púpọ̀. Páì ọ̀hún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni. Ọmọbìnrin kan tó ń ti Akaka wá nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni? Torí ìyá àgbà mi, tí wọ́n bá ń hun apẹ̀rẹ̀..."

Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí gbogbo kíláàsì tó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyá àgbà rẹ ló máa bá ẹ ṣe ìdánwò?" Inú tètè máa ń bí mi. Mo ní kó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè títí aago á fi lù.

Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ó ń sá fún ìṣirò. Nígbà tó tún yá, kò wá sílé ẹ̀kọ́ mọ́ rárá. Mo gun ọ̀kadà lọ wá a ní Akaka. Ìyá àgbà rẹ̀ ni mo bá lójúde, ó ń hun apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó obì sí. Ó na imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín ẹnu apẹ̀rẹ̀ náà, ó ṣẹ́ ẹ níbi tó dé, ó wá fi wọn igi tó fẹ́ fi ṣe etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fi díẹ̀ lé e, ó gé e. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ yí ẹnu apẹ̀rẹ̀ po, orí àti ìdí rẹ̀ pàdé.

Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti apẹ̀rẹ̀ ńlá.

"Ńlá o, kékeré o, bákan náà ni, tíṣà. Àwọn tó kọ́ wa ti gé igi ṣòfò títí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fọ́múlà nìyẹn. Ohun tí àwọn èèyàn ti fọwọ́ ṣe títí, tí wọ́n rí i pé kì í yí padà, ni ẹnìkan wá kọ ní ìkékúrú. Ọmọ yẹn gbé e wá bá mi, mo sì ní kó kúnlẹ̀.

Ìyá àgbà náà ló júwe ibi tí ọmọ náà wà fún mi. Ilé iṣẹ́ kan ní Ògìjò ni mo ti rí i, ó ń lẹ bébà mọ́ ìgò. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní òun ló gba ìṣirò náà, èmi ni mo ṣì í.

"Ẹ má bínú, mà. Orí mi ò gbé ìṣirò ni."

Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún kíláàsì. Mo ní kí wọ́n bi mí ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Wọ́n ṣí ìwé wọn, wọ́n mú bíírò dání, wọ́n ń dúró kí n sọ èyí tí wọ́n máa kọ.